Wọ́kí-tọ́kí Baiyeku: iṣẹ́ ń dé, èsì ni kò padà wá

Ohùn ti ń lọ, ó ń bọ̀, láàárín ilé wa n'Igbogbo àti etí omi Baiyeku. Mi ò ní fa ìyẹn gùn: ìkànnì dígítà kan ni, lórí ìgbì tó wà nínú ìwé àṣẹ NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́kí-tọ́kí MD-380 wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba codeplug wọn, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí rádíò ṣe máa ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Radio ID, nọ́ńbà tí a fi ń dá rádíò kọ̀ọ̀kan mọ̀, náà ti yanjú. Ẹni tó tà wọ́n ló fi nọ́ńbà kan náà sínú gbogbo wọn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ló wá fẹ́ yọ ẹ̀mí mi. Mo tẹ EJA TI DE? sí ẹ̀gbọ́n mi tó wà létí omi. Rádíò mi rò ó títí, ó dún, ó ní kò lọ. Mo tún un fi ránṣẹ́, kò lọ. Ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi bá wọlé: "Ìwọ, ẹ̀ẹ̀melòó lo fẹ́ bèèrè ẹja lọ́wọ́ mi?" Gbogbo èyí tí rádíò ní kò lọ ló ti tò sínú tiwọn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Mo ṣí CPS, ètò orí láptọ́ọ̀pù tí a fi ń to rádíò, mo wo ìkànnì náà fínnífínní. "Data Call Confirmed" wà ní títẹ̀. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, rádíò tó gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá ìdáhùn padà fúnra rẹ̀. Bí tèmi ò bá gbọ́ ìdáhùn yẹn, á tún iṣẹ́ náà rán. Àṣé iṣẹ́ ń dé, ìdáhùn ni kò ní agbára tó láti dé ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní bátìrì ń tètè kú, la bá fi tiwọn sí Low: wáàtì 1, nígbà tí tèmi ń fi wáàtì 5 sọ̀rọ̀. Ohùn wọn máa ń já díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n etí èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń di àlàfo. Ìdáhùn rádíò kò ní etí tó lè bá a dí i.

Mo lè yọ àmì Confirmed yẹn kúrò kí n sinmi. Mi ò fẹ́. Rádíò á máa sọ pé iṣẹ́ ti lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni lè má rí i gbà. Mo kó láptọ́ọ̀pù lọ sétí omi, mo fi tiwọn sí High, mo tẹ Write kó lè wọ inú rádíò. Iṣẹ́ lọ, "sent" jáde lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún okùn tó ń so rádíò mọ́ láptọ́ọ̀pù o. Ti UV-5R, wọ́kí-tọ́kí Baofeng, jọ ti MD-380 gan-an, ẹnu oníhò méjì kan náà ni, ṣùgbọ́n ṣípù wà nínú rẹ̀. Ti MD-380 gba USB lọ tààrà sínú rádíò. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù á ní ọ̀kan náà ni. Rọ́bà ẹnu tèmi náà kò jẹ́ kó wọlé dáadáa, àfi ìgbà tí mo fi bíléèdì gé etí rẹ̀.

Mo ti fẹ́ ra eríálì gígùn tẹ́lẹ̀, ó di ọjọ́ iwájú. Bátìrì kejì ló kàn, nítorí High ò ní ṣàánú èyí tí wọ́n ní. Lẹ́yìn ìyẹn, Quick Text, ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sínú rádíò ṣáájú: ẹ̀gbọ́n mi ò ní tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí bọ́tìnnì kékeré yẹn láéláé. Mo ti kọ EJA TI DE, EPO TAN, MO N BO sílẹ̀, mo fẹ́ gbé ọ̀kan sórí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n ní èyí tó yẹ bọ́tìnnì kò tíì sí níbẹ̀: OWO DA?