Ilẹ̀kùn fíìtì 14 fún ilé katakata: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Mọ́ńdè sí Fúráìdè tísà ni mí, tó bá ti di àárọ̀ Sátidé báyìí màá gbé ẹ̀rọ wẹ́dìn mi sẹ́yìn mọ́tò, ó di oko lọ́nà Ìsẹ́yìn. Mi ò kọ́ṣẹ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan o, irin ni mo kàn fẹ́ràn. Mo ti ṣe ilé adìẹ, mo ti ṣe sítáńdì táńkì omi, mo ti ṣe àga tó ń dun èèyàn nídìí. Èyí tí mo dáwọ́ lé báyìí ló tíì le jù, torí ilẹ̀kùn tó fẹ̀ tó yàrá èèyàn ni.

Ohun tó fa sábàbí: lóṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ ṣú, kò tíì kán sílẹ̀ rárá tí ìjì ti ṣáájú ẹ̀ dé. Géètì aláwẹ́ méjì tí wẹ́dà kan bá wa ṣe sílé katakata wà níbẹ̀, Bàbá dírẹ́bà ṣí awẹ́ kan, wọ́n fi òkúta dá a dúró, wọ́n lọ ń di igi ẹ̀gẹ́ sínú trailer. Ìjì gbé awẹ́ yẹn, ó nà án mọ́ òpó lẹ́ẹ̀kan, ìgbà tó máa ṣe ẹ̀ẹ̀kejì ó já kúrò lára ìdè òkè, ó bá iná iwájú katakata lọ. Gílásì fọ́n ká bí iyọ̀. Ká tiẹ̀ ní ìjì ò jà, géètì yẹn ti ń fara wọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí mo bá fẹ́ tì í màá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ gbé ìdí ẹ̀ sókè ná. Nígbà tí mo hú òpó ẹ̀, fíìtì kan ààbọ̀ péré ni kọ́ńkéré ẹ̀ wọlẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, èmi náà ló yẹ kí n wò ó nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀. Ìjì àkọ́rọ̀ àti ìjì ìparí òjò, ìlà oòrùn ni wọ́n sábà máa ń ti gbéra tí wọ́n á máa rọ́ lọ síhà ìwọ̀ oòrùn, ọmọdé oko mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ilé katakata wa, ìlà oòrùn gan-an la kọ ọ́ sí, torí pé ibẹ̀ lọ́nà wà. Ilé náà, fíìtì 26 ní ìbú, 40 ní gígùn, òpó páìpù àti páànù ni gbogbo ẹ̀, kò sí búlọ́ọ̀kù níbì kankan, nítorí náà ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo dí ojú ìlà oòrùn pa pátápátá, mo tú páànù ojú ìwọ̀ oòrùn. Bàbá dírẹ́bà kùn fún ọjọ́ méjì gbáko. Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn á máa yí ilé po kí wọ́n tó wọlé.

Sátidé àkọ́kọ́: ọparun

Kí n tó ra irin, mo ní kí n mọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe máa fẹ̀ tó. Mo gbé tape, mo wọn katakata, Massey Ferguson 375 ni: láti ẹ̀gbẹ́ táyà kan sí èkejì kò pé fíìtì 7, láti ilẹ̀ dé orí kánópì jẹ́ fíìtì 8 ínṣì 6. Mo ti ń ro fíìtì 10 lọ́kàn, mo rò pé mo ti ṣojú àánú. Bàbá dírẹ́bà wá dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ní, "Tísà, ṣé katakata nìkan ló ń sùn nílé yìí ni? Ẹ wá wọn harrow." Mo wọn harrow náà, ohun èlò onírin tí katakata ń fà láti fi fọ́ ilẹ̀. Fíìtì 7 ínṣì 10, ó sì máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìrù màlúù tí katakata bá ti ń yí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

A gé ọparun méjì, a rì wọ́n sínú gálọ́ọ̀nù tí a kó iyanrìn sí, a wá ń fi wọ́n ṣe òpó ẹnu ọ̀nà. Ní fíìtì 10, harrow gbá ọparun ọ̀tún nídìí, ó ṣubú gbàlà. Ní 12, tí wọ́n bá wá tààrà ó ń wọlé, ṣùgbọ́n tààrà dà? Igi máńgòrò wà lójú ọ̀nà, ìyá mi ló gbìn ín, kò sẹ́ni tó máa gé e, kí katakata tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà ó gbọ́dọ̀ yí i ká, níbi tó ti ń yí bọ̀ yẹn ló ti gbá ọparun òsì. Ní 14, wọ́n wọlé, wọ́n jáde, wọ́n tún fi reverse wọlé, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń yí síárì, ọwọ́ kejì ń jẹ gúgúrú. Ó parí, fíìtì 14. Gíga ẹ̀ mo mú fíìtì 12, torí trailer tí wọ́n bá di igi ẹ̀gẹ́ sí dáadáa máa ń súnmọ́ 11.

Sátidé kejì: èwo ni ká ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ni oko ní roller shutter ni, ilẹ̀kùn onírin tó ń ká sókè, bíi ti ṣọ́ọ̀bù wọn n'Íbàdàn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ti ṣọ́ọ̀bù yín ò ju fíìtì 8 lọ o. Tó bá fi lè fẹ̀ tó 14, àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ tí wọ́n so pọ̀ yẹn á máa tẹ̀ láàrin tí ìjì bá tì wọ́n, wọ́n lè yọ kúrò nínú ojú ọ̀nà wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, harrow kàn máa fẹnu kan ẹyọ kan péré, gbogbo ẹ̀ ò ní ká mọ́. Fífi ọwọ́ fa irú ẹ̀ sókè náà kì í ṣe kékeré, mọ́tọ̀ tí wọ́n sì ń fi fà á, iná NEPA wo la ní lóko? Wọ́n ní "ó dáa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ẹ mọ ìtumọ̀ ìyẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ẹni.

Èyí tó ń ká bí ìwé, mi ò tiẹ̀ rò ó jìnnà, ìdè ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ó wá ku èyí tó ń ṣí síta bíi ti tẹ́lẹ̀ àti èyí tó ń rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo èèyàn ní kí n tún ti tẹ́lẹ̀ ṣe, kí n kàn fi irin tó nípọn sí i. Mo bá jókòó mo ṣírò ẹ̀. Fíìtì 14 lọ́nà 12, ó jẹ́ skwéà mítà 15.6. Ìjì tó bá ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan, bó ṣe máa ti ilẹ̀kùn á lé díẹ̀ ní kílò 24 lórí skwéà mítà kọ̀ọ̀kan, tó túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀ súnmọ́ kílò 380. Tí eré ìjì bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára ẹ̀ máa dà. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta, tó bá ṣí sílẹ̀ tán, ìdè méjì mẹ́ta awẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa dá gba ìdajì ìyẹn, pẹ̀lú awẹ́ tó gùn ní fíìtì 7 tó ń já wọn bí ẹni ń fi gbọọrọ igi hú kùkùté. Èyí tó ń rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣí bó tì, ara ògiri ló wà, ìjì ò rí ibi dì í mú. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu.

Ó tún ku ibi tí táyà ẹ̀ máa wà. Géètì àwọn ilé ńlá, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ irin sí, táyà á máa yí lórí ẹ̀. Ó dáa níbi tí wọ́n ti da kọ́ńkéré. Lọ́dọ̀ tiwa, táyà katakata ń kó ẹrẹ̀ wọlé lójoojúmọ́, òkúta kékeré kan tó bá jókòó sórí irin yẹn, ilẹ̀kùn ti dúró nìyẹn. Mo mú tòkè, kó máa rọ̀ bí aṣọ orí okùn.

Sátidé kẹta: ìwọ̀n

Ilẹ̀kùn tó bá máa rọ̀ sókè, kò gbọ́dọ̀ wúwo. Ọ̀dọ́mọkùnrin wẹ́dà tó wà ní oríta, tó máa ń yá mi ní ẹ̀rọ gígé, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi síìtì irin mílímítà 1.2 bò ó, á le." Á le lóòótọ́, ṣùgbọ́n síìtì yẹn nìkan máa tó kílò 147 fún gbogbo ẹ̀. Long-span alumíníọ̀mù mílímítà 0.55 tí a fi ń kanlé, kò lè pé kílò 30. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀ ju èmi fúnra mi lọ. Egungun ẹ̀ mo fi skwéà páìpù ínṣì 2 lọ́nà 2 ṣe, mílímítà 2, mítà kan ẹ̀ jẹ́ bíi kílò 3. Awẹ́ kan pẹ̀lú ọ̀pá ìdábùú méjì àti ọ̀pá ìkọjá ẹ̀, àtalumíníọ̀mù ẹ̀, ó ń lọ sí kílò 75.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ o. Alumíníọ̀mù àti irin tí wọ́n bá fara kanra, tí omi wá wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra níbi tí wọ́n ti pàdé, á funfun bí ẹfun. Mo kun gbogbo páìpù ní red oxide, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ẹ̀ẹ̀mejì, mo wá gba tíúbù ọ̀kadà tó ti bẹ́ lọ́wọ́ vulcanizer, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí páìpù kí n tó de alumíníọ̀mù mọ́ ọn. Ìyàwó mi ní ṣé ilẹ̀kùn ni mò ń ṣe ni àbí mò ń ran bàtà.

Sátidé kẹrin: irin tẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́

Ojú ọ̀nà tí ilẹ̀kùn máa rọ́ lé, ángùlù irin méjì ni mo kọjú síra wọn, mo fi àlàfo ínṣì kan sílẹ̀ láàrin, bẹ́ríǹgì á máa yí nínú, bóòtì tó gbé ilẹ̀kùn á gba àlàfo yẹn sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ríǹgì 6204 ni mo lò, ihò inú ẹ̀ mílímítà 20, ìta ẹ̀ 47, ẹyọ mẹ́rin fún ibi ìkọ́ kọ̀ọ̀kan, ibi ìkọ́ méjì fún awẹ́ kan, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. Ẹ rí i pé ẹ béèrè èyí tó ní 2RS lára, ìyẹn èyí tí wọ́n fi rọ́bà bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì, torí eruku ọyẹ́. Èyí tó jẹ́ pé páànù ni wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, eruku ṣì ń wọ̀ ọ́.

Gígùn ojú ọ̀nà náà wá di ọ̀rọ̀. Awẹ́ kan jẹ́ fíìtì 7 ínṣì 3 (ínṣì 3 yẹn ni kí awẹ́ lè bo etí òpó), ògiri tí mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ò sì ju fíìtì 6 lọ. Mo jẹ́ kí irin yọ síta ní fíìtì 1 ínṣì 3 lọ́tùn-ún lósì, mo fi òpó páìpù ínṣì 4 gbé e, mo wa ihò wọn jìn ní fíìtì 3 lọ́tẹ̀ yìí.

Ìṣòro tó dé: mo jókòó lábẹ́ máńgòrò, mo lẹ ángùlù mọ́ irin pẹlẹbẹ tó máa gbé e, mo ń jó o lọ gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lójú kan náà, inú mi ń dùn pé wẹ́dìn mi mọ́ bí ẹ̀yìn ejò. Nígbà tó tutù, mo ta okùn láti orí dé ìdí ẹ̀. Ínṣì kan ni àárín fi tẹ̀ sílẹ̀! Ooru ti fà á bí ọrun ọdẹ. Tí n bá gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀, awẹ́ méjèèjì á máa fúnra wọn sáré lọ pàdé láàrin, kò ní sẹ́ni tó lè ṣí i. Mo fi grinder gé gbogbo ẹ̀ tú, odindi ọ̀sán kan lọ síbẹ̀, dísìkì mẹ́rin. Ìgbà tí mo máa tún un ṣe, mo tò ó sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo de é mọ́ I-beam (irin ńlá tí orí ẹ̀ rí bíi lẹ́tà I) ínṣì 6 tí mo rà ní àlòkù fún orí ẹnu ọ̀nà, mo jó o ní ínṣì 2, mo fo ínṣì 10, mo lọ sódìkejì, mo padà wá. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó tọ́ bí ọfà.

Sátidé karùn-ún, òjò. A jẹ àgbàdo sísè, a wo ara wa lójú.

Sátidé kẹfà: ó rọ̀

A fi chain block, ẹ̀rọ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi ń fa ẹrù sókè, gbé awẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin wẹ́dà àti èmi, Bàbá dírẹ́bà ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni ń darí bàálù. Mo fi páànù kékeré bo orí ojú ọ̀nà kí òjò má baà máa ṣàn lu bẹ́ríǹgì. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, ìka méjì ló fi tì í, ó lọ, ó gbá òpó ìta gbàù, a ò tíì fi ohun tó máa dá a dúró sí i. Mo sáré lọ gé táyà àtijọ́, mo de é mọ́ ìparí méjèèjì.

Ìsàlẹ̀ ló kù. Ilẹ̀kùn tó rọ̀ láti òkè, tí kò bá sí ohun tó dì í mú nílẹ̀, ìjì á máa gbé ìdí ẹ̀ síta síwọlé. Mo ri ángùlù kúkúrú mọ́ kọ́ńkéré létí òpó kọ̀ọ̀kan, ìdí ilẹ̀kùn ń gba àárín ẹ̀ kọjá. Láàrin níbi tí awẹ́ méjì ti pàdé, ọ̀pá tó ń wọlẹ̀ ni, mo fi páìpù ṣe ihò ẹ̀, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ páìpù náà kí omi lè máa rọra wọlẹ̀ lọ, mo sì ti sọ fún gbogbo ará oko pé tí òjò bá ṣú, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, torí ilé tó la ẹnu sílẹ̀, ìjì á kó sínú ẹ̀, á máa ti òrùlé sókè láti abẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ṣí i, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i. Wọ́n ní àlàfo tó wà lókè yẹn, àdán á gbà á wọlé. Òótọ́ ni. Mo ti gé rọ́bà tíúbù tó ṣẹ́kù sọ́tọ̀ fún un, ó ku àgádágodo tó nípọn, torí bátìrì katakata ni àwọn olè máa ń kọ́kọ́ wá, àti ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí ìyàwó mi yàn.