Ẹ má da oògùn ìsanra ẹlòmíì nù lójijì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Tí ẹ bá ní ẹnì kan nílé tó ń lo dexa (dexamethasone) kó lè sanra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì.

Àbúrò mi obìnrin ló ń lò ó. Gbogbo wa la mọ oògùn yẹn, èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré lọ́jà láìní orúkọ lára. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ikùn yọ, ará àdúgbò ní ayé ń yẹ ẹ́. Apá rẹ̀ kò sanra rárá, ṣùgbọ́n ta ló ń wo apá? Ọjọ́ tí màmá wa rí ọ̀rá náà, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá. Mi ò dá wọn lẹ́bi o. Ìyá wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ibà mú un. Ó bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Lóru, mo fọwọ́ kàn án, ó tutù rinrin, òógùn bò ó. Mo ní kó jókòó, ojú rẹ̀ yí, ó wó lé mi láyà. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní ibà lásán ni, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ní ká máa dúró. A dúró. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ń fún un lápá léraléra, kò gbé nọ́ńbà kankan jáde; nọ́ọ̀sì ń lu ẹ̀rọ náà, ó rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Màmá ń pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn.

Níbi kejì, dókítà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé kì í lo dexa?" Mi ò tíì dáhùn tán tó fi ní kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ hydrocortisone 100 mg wá. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti ń béèrè omi.

Ẹ̀yà ara kékeré kan jókòó sórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, òun ló ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù cortisol. Cortisol ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ìfúnpá já wálẹ̀. Tí ibà bá dé, ara á ṣe é ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kan náà ni dexa ń ṣe, ó kàn le jù ni: 0.75 mg rẹ̀ tó 20 mg hydrocortisone, ìyẹn cortisol tí wọ́n ṣe ní oògùn. Ó ń jẹ ẹran apá, ó ń kó ọ̀rá jọ sójú àti ikùn. Tó bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ kì í ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara yẹn mọ́, á wá sùn bí ọmọọ̀ṣẹ́ tí ọ̀gá kò pè. Ìgbà tí màmá da oògùn nù, ẹ̀yà ara náà kò tíì jí; ibà wá dé, kò sí cortisol tó tó.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ má já a gbà. Dókítà ni kó sọ bí onítọ̀hún á ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí àbúrò mi ṣe ṣe é nìyẹn, ó ti ń lọ sọ́jà báyìí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa sanra pẹ̀lú dexa o, kẹ́ni kankan má ka tèmi sódì. Ìkejì: ẹni tí dókítà fún ní prednisolone, oògùn irú dexa, fún ìgbà pípẹ́, tìẹ náà nìyí, má dá a dúró fúnra rẹ. Àbí ìkíní kọ́ nìyẹn? Òun náà ni. Ìkẹta: tí ẹ bá gbé ẹni tó dá dexa dúró dé ilé ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kójú tì yín, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ibà, ẹ sọ pé: "Ó ń lo dexa, ó sì ti dá a dúró."