Ìfun tí wọ́n gé kúrò lára, tó ṣì ń mira

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ tí mo ti rí nǹkan yìí ní láàbù físíọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, kò kúrò lọ́kàn mi rárá. Wọ́n gé ìfun ehoro díẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sínú omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 37°C, wọ́n ń fẹ́ ọ́síjìn sí i, ìfun yẹn wá ń fún pọ̀, ó ń dẹ̀, ó ń fún pọ̀, ó ń dẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọpọlọ kankan tó ń pàṣẹ fún un mọ́! Ṣé ẹ rí i, ìfun ní nerve (okùn tó ń gbé iṣẹ́ kiri ara) tiẹ̀ nínú ògiri rẹ̀, ó tún ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń lu ìlù fún iṣan rẹ̀.

Olùkọ́ wa kán acetylcholine, kẹ́míkà tí nerve fi ń ránṣẹ́ sí iṣan, sí i, kíá ló fún pọ̀ gan-an, torí kẹ́míkà yẹn ló ń jẹ́ kí calcium, ohun tó ń mú kí iṣan fún, pọ̀ nínú iṣan. Ó fi omi fọ̀ ọ́, ó kán adrenaline, kẹ́míkà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìpayà, sí i, ó dẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Oògùn kan tó ń jẹ́ atropine ló wú mi lórí jù o, tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fi ìyẹn sí i, acetylcholine ò ríbi jókòó mọ́, ìfun ò ní dá a lóhùn.

Láti 1899 ni Bayliss àti Starling, àwọn onímọ̀ físíọ́lọ́jì méjì, ti sọ ọ́ ní London pé ibi tí nǹkan bá wà nínú ìfun, ẹ̀yìn ibẹ̀ á fún, iwájú á dẹ̀, bẹ́ẹ̀ loúnjẹ ṣe ń lọ. Acetylcholine ló ń fún ẹ̀yìn, nitric oxide wà lára ohun tó ń dẹ iwájú, gáàsì ni o, gáàsì!