Levodopa wà nínú wèrèpè, ṣùgbọ́n ta ló wọ̀n ọ́n?

Irun ara èèpo wèrèpè ló ń yúnni. Hóró inú rẹ̀ ní tiẹ̀ ní levodopa, ohun tí ọpọlọ fi ń ṣe dopamine, èròjà tó ń jẹ́ kí ara lè máa rìn bó ti yẹ. Nínú àrùn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí ara ń gan, tí ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀.

Ewéko wa mìíràn ló ń ṣe òdìkejì rẹ̀: asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn ń fi egbò rẹ̀ wo wèrè. Reserpine wà nínú rẹ̀. Dopamine ní àpò kéékèèké tó ń sá pamọ́ sí nínú sẹ́ẹ̀lì. Reserpine kì í jẹ́ kó ráyè wọ̀ ọ́, dopamine náà sì ń bàjẹ́ dànù. Ẹni tó bá mu ún jù lè máa ṣe bí aláìsàn Parkinson gan-an.

Reserpine yìí ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Arvid Carlsson fún àwọn ehoro ní Sweden ní 1957. Wọ́n nà sílẹ̀ gbalaja, etí wọn wó lulẹ̀. Ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ levodopa, kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde. Ní 1960, àwọn olùwádìí Ehringer àti Hornykiewicz yẹ ọpọlọ àwọn aláìsàn Parkinson tó ti kú wò ní Vienna, wọ́n sì rí i pé dopamine ibẹ̀ ti gbẹ. Ní 1961 ni Hornykiewicz àti dókítà Birkmayer gún àwọn aláìsàn ní levodopa.

A kì í gbé dopamine fúnra rẹ̀ mì, torí kò lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Levodopa ń wọlé, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti di dopamine nínú ìfun àti ẹ̀jẹ̀ kó tó débẹ̀, èébì á sì dé. Carbidopa, oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ levodopa, ló ń dínà ìyẹn. Hóró oògùn 25/100 ní carbidopa mílígíráàmù 25 àti levodopa 100. Carbidopa tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójúmọ́ tó mílígíráàmù 70 sí 100, nítorí náà ẹni tó ń lo hóró kan péré lóòjọ́ lè máa bì gan-an.

Wèrèpè kò ní carbidopa rárá. Bí levodopa inú rẹ̀ bá jẹ́ 5 nínú 100, gíráàmù márùn-ún ìyẹ̀fun rẹ̀ ní levodopa mílígíráàmù 250, hóró ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bù ú mọ́ oògùn dókítà ń lo ìlọ́po láìmọ̀.

Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹran àti ẹja tún ń bá levodopa du ẹnu ọ̀nà kan náà tó ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Ẹ lo oògùn levodopa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, ẹ fi wákàtí méjì jìnnà sí i. Ẹ má sì dá levodopa dúró lójijì: ara lè gan pátápátá, kí ibà ńlá tẹ̀lé e.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni metoclopramide, oògùn èébì. Èébì ń gbé aláìsàn, wọ́n tà á fún un ní kẹ́míìsì, oògùn náà sì lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ dopamine nínú ọpọlọ. Ọwọ́ á máa gbọ̀n sí i, àwọn ará ilé á ní levodopa ò tó, wọ́n á fi kún un. Domperidone, oògùn èébì mìíràn, kì í sábà wọ ọpọlọ, òun ni ká bi dókítà nípa rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti yẹ ọkàn aláìsàn wò.