Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí fíìmù Jàpáànù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú Màmá

Kí n tètè sọ ọ́: kì í ṣe èmi ni mo yan fíìmù yẹn. Títí di àárọ̀ yìí, tí mo bá pe àǹtí mi lórí fóònù, "káàárọ̀" gbígbẹ ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

My Neighbor Totoro ni mo ṣèlérí fún Màmá. Ẹ̀yin náà tí ẹ ti ń fa ará ilé yín wọ inú anime, fíìmù alááwòrán ti Jàpáànù, mọ bó ṣe ń rí: wọ́n á ní kátúùnù ni, wọ́n á ní ọmọdé ló ń wo ìyẹn, ẹ ó bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tó yá, Màmá gbà. À ń to àga lọ́wọ́ nílé àǹtí mi ni àbúrò ọkọ wọn gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ó ní Totoro ti ṣe ọmọdé jù, Grave of the Fireflies ni ká wò. Ó ní ilé iṣẹ́ fíìmù kan náà, Studio Ghibli, ló ṣe méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì jáde ní sinimá, 16 oṣù kẹrin ọdún 1988. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n Hayao Miyazaki ló darí Totoro, Isao Takahata ló darí èkejì, ọ̀rọ̀ wọn ò jọra rárá. Àna wa ni, mi ò lè máa bá a jiyàn lójú Màmá.

Ẹni tó ti wò ó ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìlú Kobe ní Jàpáànù ni, ọdún 1945, nígbà ogun, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ń da bọ́ǹbù oníná sórí ilé. Ìyá àwọn ọmọ náà jóná, ó kú. Seita, ọmọ ọdún 14, ń gbé Setsuko àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, kiri, oúnjẹ ò sí. Ojú Màmá ni mò ń wò ju fíìmù lọ. Wọ́n mú un mọ́ra títí ó fi dé ibi tí Setsuko dùbúlẹ̀ tó ń lá nǹkan kan lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé súwíìtì inú agolo ni. Ó yọ ọ́ wò: gíláàsì róbótó tí ọmọdé fi ń ṣeré ni. Ọmọ náà wá gbé ẹrẹ̀ tó fọwọ́ mọ bí ìrẹsì fún un, ó ní kó jẹun.

Màmá ní, "Ẹ pa á." Kò sẹ́ni tó tètè gbọ́. Wọ́n tún un sọ, ohùn wọn ti yàtọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, a sì ń gbọ́ ẹkún wọn láti pálọ̀.

Màmá ti sin ọmọbìnrin kan kí wọ́n tó bí mi. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Àna wa ò mọ̀, kò sì béèrè. Àbígbẹ̀yìn àǹtí mi ń bi wá pé ṣé ebi ló pa Setsuko ni, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Àǹtí mi ò lè bá àbúrò ọkọ wọn wí, ṣebí ọkọ ni wọ́n ń pè é. Orí mi ni wọ́n rọ gbogbo ẹ̀ lé. "Ìwọ lo kó anime wọlé yìí."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo fi Totoro han Màmá, àwa méjì péré. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó parí síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀: ẹ béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ wò ó. Kí ẹ tó béèrè bóyá fíìmù dára, ẹ béèrè ìyẹn. Grave of the Fireflies dára, mi ò sọ pé kò dára, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jà.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé orúkọ ilé iṣẹ́ ò tó, ohun tó ṣe wá nìyẹn. Àmì ẹ̀yẹ náà ò tó. Spirited Away gba Oscar ní 2003, bẹ́ẹ̀ ìyá àti bàbá ọmọbìnrin inú rẹ̀ ti di ẹlẹ́dẹ̀ kí fíìmù tó rìn jìnnà. Ọmọ tó ń bẹ̀rù òkùnkùn ńkọ́? Ẹ béèrè. Perfect Blue (1997), kí ọmọdé má tilẹ̀ sí nínú ilé.

Ẹ tún wo ẹni tí kò lè sáré ka ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ fíìmù. Nínú Totoro, níbi tí Satsuki ti pọn Mei àbúrò rẹ̀ dúró nínú òjò ní ibùdókọ̀, tó na agbòjò sí Totoro, ẹranko ńlá yẹn, Màmá ò ka nǹkan kan. "Ó mọ ọmọ pọ̀n," ni wọ́n wí.

Ẹ má fi Demon Slayer: Mugen Train (2020) bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àárín ìtàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò wo ti tẹlifíṣọ̀n ò ní mọ ìdí tí Tanjiro, ọmọkùnrin inú ìtàn náà, fi ń gbé àbúrò rẹ̀ kiri nínú àpótí.

Kiki's Delivery Service (1989) ló kàn fún Màmá. Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn: àjẹ́ ọmọ ọdún 13 ni, ológbò dúdú ń bá a rìn, ìgbálẹ̀ ló ń gùn fi jíṣẹ́ fáwọn ará ìlú. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn kọ́kọ́ gbàdúrà sí i.