Fáìlì tí ẹ ò tíì dá padà rí kì í ṣe backup

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí oorun kò tíì kún ojú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ sọ́fítíwíà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa ni mò ń kọ èyí fún, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ méjì-mẹ́ta lábẹ́ yín, tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni olórí, ẹ̀yin ni akápò, ẹ̀yin náà lẹ ń dáhùn fóònù oníbàárà. Ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá ọlọ́jà kan n'Ìbàdàn ni oníbàárà wa. 1386 ni wọ́n. Oṣooṣù ni wọ́n ń dá owó, wọ́n ń yá ara wọn, wọ́n sì ń pín èrè lọ́dún. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 la tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, nígbà tí dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ń bá ènìyàn tọ́jú database, ìyẹn àpótí àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, la kọ́kọ́ gbé àkọsílẹ̀ owó wọn sí. Àwọn ló ń ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà tí a fi pamọ́ de ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, dọ́là la sì fi ń san owó wọn. Kí 2024 tó parí, dọ́là ti lé ní 1500. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ǹ bá má kúrò níbẹ̀. Ta ni ì bá san án? Ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́? Mo kó o wá sórí server kékeré kan, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí àwa fúnra wa ń tọ́jú, mo sì kọ script, àkójọ àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́, tó ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn ní aago méjì òru. Mo dán an wò lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, ó ṣiṣẹ́. Mi ò dán an wò mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ìyá kan pè pé owó oṣù òun tí a kọ sílẹ̀ kò pé. Mo ní kí àbúrò tó kéré jù nínú wa bá wọn tún un ṣe. Ó kọ UPDATE, àṣẹ tó ń yí àkọsílẹ̀ padà, ó gbàgbé WHERE, tó ń sọ ìlà tí àṣẹ náà kàn. UPDATE 1, ìyẹn ìlà kan ló yí padà, ló yẹ kí PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú database wa, fi dá a lóhùn. UPDATE 41873 ló rí. Gbogbo owó tí gbogbo àwọn ìyá wọ̀nyẹn ti dá láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan di 7500 náírà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ní kí n ṣírò rẹ̀ padà láti inú àkọsílẹ̀: àkọsílẹ̀ gan-an ló bàjẹ́.

Ọmọ náà kò fi pamọ́. Ó wá dúró tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo nǹkan." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé backup wà, pé bó pẹ́ bó yá iṣẹ́ ọjọ́ kan la máa tún ṣe. Mo ṣí àpò fáìlì. Ti òru àná wà níbẹ̀. Mo wo bó ṣe tóbi tó: báìtì 20. Ti ìjẹta, báìtì 20. Mo ń yí i lọ sókè, 20, 20, 20, oṣù yìí, oṣù tó kọjá, èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ mi tutù. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké, inú orí mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Èyí tó ní nǹkan nínú gbẹ̀yìn ti lé ní oṣù mẹ́rin.

Nígbà yẹn la gbé PostgreSQL orí server láti ẹ̀yà 14 sí ẹ̀yà 16. pg_dump, irinṣẹ́ tó ń mú ẹ̀dà database jáde, ṣì jẹ́ 14 lórí kọ̀ǹpútà kejì, kì í sì í bá database tó jẹ́ tuntun jù ú lọ ṣe nǹkan kan. Alaalẹ́ ló ń kọ̀. Ṣùgbọ́n inú gzip, tó ń di fáìlì kó lè kéré, ni script mi ń da ohun tó bá mú jáde sí, gzip sì ń di òfìfo náà. Báìtì 20 ni òfìfo tí gzip bá dì. Nígbà tí gzip ti ṣe tirẹ̀ yọrí, iṣẹ́ ti parí lójú cron, tó ń pe script lásìkò rẹ̀, nìyẹn. Ìlà kan péré, set -o pipefail, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ kùnà bí apá kan rẹ̀ bá kùnà, ni mi ò kọ. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń wo àpò yẹn. Déètì ni mò ń wò.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí GitLab, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà tọ́jú iṣẹ́ wọn, rí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2017. Ẹnìkan pa fáìlì database rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n wá backup lọ, pg_dump wọn jẹ́ 9.2, database jẹ́ 9.6, íméèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò sì wọlé. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àkọsílẹ̀ ló lọ. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta kí ẹlòmíràn lè rí i kà. Mo kà á. Mo tiẹ̀ fi kọ́ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ mi.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Ìyá Alága pè. Mo ní, "Mà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ló ṣàṣìṣe." Ọmọ náà dúró níwájú mi, ó ń gbọ́. Ìyá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé ọmọ yẹn la gbéṣẹ́ fún ni?"

A tún un ṣe. Ìyá Akọ̀wé, tí mo sọ fún ní 2023 pé wọn ò nílò káàdì mọ́, kò fìgbà kan dáwọ́ káàdì kíkọ dúró. Fáìlì oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, káàdì wọn, àwa mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Owó pé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ máa dá backup yín padà. Ẹ má wo déètì, ẹ má wo orúkọ fáìlì. Lọ́jọ́ Ajé báyìí, a máa ń gbé ti òru mọ́jú, a ó dá a padà sínú database òfìfo, a ó ka iye ìlà, a ó sì mú ìyá márùn-ún, a ó fi owó wọn wé káàdì. Kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ìdajì wákàtí!

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan database gidi láìkọ́kọ́ kọ BEGIN, tí kì í jẹ́ kí ìyípadà tíì dúró. Kó ka iye ìlà tó yí padà kó tó kọ COMMIT, tó ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí kì í bá ṣe 1, ROLLBACK, kí gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Èmi ni mo fún ọmọ yẹn ní páásíwọ́ọ̀dù, torí pé ó yá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí backup bá wà láàyè, ọ̀rọ̀ ọ̀sán kan ni ì bá jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tún un sọ: ẹ dá a padà.

Ẹ kọ owó iṣẹ́ yìí sínú àdéhùn pẹ̀lú. Mi ò gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ wọn torí pé ìyá wa ni wọ́n, àánú ni mo pè é. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ ni mo ṣe gbàgbé láti máa yẹ̀ wò.

Ọmọ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì. Kò tó, torí etí Ìyá Alága ni mo ti dá a lẹ́bi. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé ẹgbẹ́ náà. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ, màá sì sọ níwájú gbogbo wọn pé èmi ni wọ́n gbéṣẹ́ fún, èmi ni mi ò yẹ fáìlì wò.