Mínírà tó kọ́ mi níṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló là mí lójú jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mínírà ni.

Ní ọdún kejì mi, wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún mi kí n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo kọ "minerals" tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bó ṣe wọ̀ mí létí: "Ẹ máa jẹ oúnjẹ tó ní fítámínì àti mínírà." Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mo kà á fún màmá mi. Wọ́n ní, "Ṣé alárùn ìtọ̀ ṣúgà náà ni dókítà ní kó máa mu mínírà?" Ara mi bù máṣọ. Agolo Coca-Cola kan, mílílítà 330, a máa ní ṣúgà tó gíráàmù 35. Màmá mi kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Lóde ìnáwó, bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé mínírà wá, kírétì ni wọ́n ń gbé. Èmi ló yẹ kí n mọ̀. Nítorí náà, ẹ máa ka iṣẹ́ yín sétí ẹni tó jọ ẹni tí yóò lò ó.

Mo wá tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀ ló ń jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, ohun àlùmọ́ọ́nì gan-an. Ní Yúróòpù, omi ìsun tó ní irin àti iyọ̀ nínú ni àwọn dókítà ń ní kí aláìsàn mu, bíi ti ìlú Spa ní Bẹ́ljíọ̀mù. Òmíràn nínú wọn a máa hó fúnra rẹ̀. Ní 1767, Joseph Priestley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé omi sókè àgbá bíà tó ń hó ní ìlú Leeds, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wọ inú omi náà, òun náà wá ń hó. Ní 1783, Johann Jacob Schweppe sọ irú omi tó ń hó bẹ́ẹ̀ di òwò ní ìlú Geneva ní Switzerland. Omi ìsun ni wọ́n ń fara wé, orúkọ omi ìsun náà, "mineral water", ni wọ́n fún un. Wọ́n fi ṣúgà àti adùn èso sí i nígbà tó yá, orúkọ kò yí. Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti bọ́ sí tiwa. Nígbà tí Coca-Cola di ohun tí wọ́n ń rọ sígò l'Ékòó ní 1953, tí 7-Up tẹ̀lé e ní 1960, mínírà náà ni gbogbo wọn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ń pè é ní "pop". Akéwì Robert Southey ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1812 pé ìró ìdérí ìgò ló bí i. Ní tèmi, ẹlẹ́rìndòdò ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú "ọtí" tó máa ń ṣáájú rẹ̀ bí ẹ bá ń kọ̀wé fún ẹni tí kì í mu ọtí.

Mo tún ìwé pélébé náà kọ: "èròjà aṣaralóore bí irin àti kálísíọ́ọ̀mù." Mo kà á fún màmá mi. Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ kálísíọ́ọ̀mù. Mo pa á rẹ́, mo kọ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegun teegun.